Ẹ̀pà Oníṣúgà: Òwò Tí Ó Lè Bẹ̀rẹ̀ Láti Inú Ilé Ìdáná Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn opó àti alágbàtọ́ ọmọ òrukàn ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ẹni tí wọ́n fún ní owó òkòwò láti inú saka lè fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti ọ̀rọ̀ aṣọ pípa láró, àwọn mìíràn ti sọ ọ́ dáadáa ju èmi lọ. Ẹ̀pà ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa rẹ́rìn-ín nínú pé, ṣé ẹ̀pà náà ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ wa? Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀pà? Òótọ́ ni. Ẹ̀pà yíyan, ẹ̀pà sísè, gúgúrú àti ẹ̀pà, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, gbogbo wa la bá a láyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà tí a fi ṣúgà bò, tí ó ń dán, tí ó ń ró nínú eyín bí ìpápánu inú ọ̀rá olówó iyebíye, òun ni mo fẹ́ kí á jọ wò lónìí. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé kò gba ẹ̀rọ, kò gba ṣọ́ọ̀bù, ìkòkò kan, ìgbákọ onígi kan àti sítóòfù kan ti tó.

Kì í ṣe ohun àjèjì ní apá ibi tí a wà yìí. Ẹni tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu tàbí Lomé yóò ti rí àwọn obìnrin tó ń tà á nínú ìgò ọtí tí wọ́n ti fọ̀, ìgò náà yóò tò lórí tábìlì bí oògùn. Àwọn ará Gánà ní tiwọn, tí wọ́n ń pè ní nkate cake: wọ́n á yọ́ ṣúgà, wọ́n á da ẹ̀pà tí wọ́n ti rún sí i, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á wá gé e. Àwọn Hausa ń ṣe dákúwà, tí wọ́n ń gún ẹ̀pà pọ̀ mọ́ òfíò àti ṣúgà. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni ẹ̀pà àti ohun dídùn.

Ẹ̀pà fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí etí òkun wa. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Kánò láti bí ọdún 1912, ẹ̀pà ni ẹrù tó gbé jù. Àwọn tó dàgbà nínú yín ti rí àwòrán òkìtì àpò ẹ̀pà Kánò, tó ga bí òkè. Ojú irin yìí kan náà, tó gba Òṣòdì wa kọjá, ni àwọn àpò náà ń gbà lọ sí èbúté Àpápá. Àìsàn ẹ̀pà ńlá kan jà ní òkè ọya ní ọdún 1975, ọ̀dá sì ti jà ṣáájú rẹ̀, owó epo rọ̀bì tún ti gba ojú ìjọba. Òkìtì wọ̀nyẹn kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n òkè ọya náà ni ẹ̀pà tí a ń rà ní Daleko àti Mile 12 ti ń wá títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọjà, nítorí ọjà ni òwò yìí ti ń dára tàbí bàjẹ́.

Ẹ̀pà tútù ni kí á rà, èyí tí wọ́n kò tíì yan, pẹ̀lú èèpo pupa lára rẹ̀. Kí ó jẹ́ ọmọ inú tó yó, tí kò hunjọ. Ẹ bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí èyí tó dúdú, èyí tó ní ohun funfun bí òwú tàbí àwọ̀ ewé lára, èyí tó hunjọ, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá là á sí méjì, tí inú rẹ̀ ti yí padà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ ẹyọ kan wò. Bí ó bá korò lẹ́nu, ẹ má rà á, kódà bí ìyá ọlọ́jà bá ní òun yóò ta á fún yín ní ìdajì owó.

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ṣúgà yóò bò ó, ta ni yóò mọ̀?" Òótọ́ ni pé ṣúgà yóò bo àwọ̀ rẹ̀, yóò sì bo díẹ̀ nínú ìkorò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń hù lára ẹ̀pà tó ti bu máa ń tu májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. A kò lè fi ojú rí i, kò sì ní òórùn. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, oúnjẹ ẹran tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe, tó wá láti Brazil, ni wọ́n bá a nídìí. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ májèlé yìí. Ní Kenya, ní ọdún 2004, àgbàdo tó ti bu ló fa tiwọn: ènìyàn 125 ló kú. Ìyẹn ni ti èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kéré, tí à ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tí kòkòrò hẹpatáítìsì B bá ti wà lára rẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn kò sì kéré láàárín wa. Iná ilé ìdáná wa kò lè pa májèlé náà tán. Yíyan kò mú un kúrò, ṣúgà kò mú un kúrò. Ṣíṣà ni kí á ṣà á kí ó tó dé orí iná.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá délé, ẹ da ẹ̀pà sí orí àtẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ jókòó tì í, ẹ ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Èyí tí ẹ bá ṣà jáde, ẹ má fún adìyẹ, ẹ má sì lọ ọ́ mọ́ ọbẹ̀. Ẹ dà á nù. Ó ń dunni, mo mọ̀, nítorí owó ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọn yóò ra ẹ̀pà yìí níwájú ilé ìwé, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Ibi tí ẹ bá sì kó ẹ̀pà sí, kí ó gbẹ. Kí àpò má kan ilẹ̀, kí ó má sún mọ́ ògiri tó ń rin. Àwa tí omi máa ń wọ ilé wa ní àsìkò òjò, ẹ má rà ju èyí tí ẹ ó lò ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ó yá, orí iná.

Ẹ wọn ife mẹ́ta ẹ̀pà tí ẹ ti ṣà, ife kan ṣúgà, ìdajì ife omi, àti iyọ̀ díẹ̀ tí ìka méjì lè mú. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀. Ìkòkò tó nípọn ló dára jù. Ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń jó ṣúgà kí ẹ̀pà tó jinná. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé e sórí iná tí kò le jù, ẹ sì máa rò ó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ẹ̀pà ń wẹ̀ nínú omi. Omi náà yóò hó, yóò máa ki, èèpo ẹ̀pà yóò sọ ọ́ di pupa. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun kan yóò ṣẹlẹ̀ tó máa ń já àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyà: omi yóò gbẹ lójijì, ṣúgà yóò sì padà di bí iyanrìn, funfun, gbígbẹ, yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀pà gátagàta. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti bàjẹ́, yóò tún bu omi sí i. Ẹ má bu omi sí i! Bí ó ṣe yẹ kó rí ló rí yẹn. Ẹ dín iná kù, kí ẹ sì máa rò ó lọ láìdúró. Iyanrìn ṣúgà yẹn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láti ìdí ìkòkò, yóò máa bo ẹ̀pà, yóò máa dán, àwọ̀ rẹ̀ yóò máa lọ sí àwọ̀ oyin. Ní àkókò yìí, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, kí ó dúró. Bí fóònù bá ń dún, kí ó máa dún. Ìṣẹ́jú kan péré ló wà láàárín àwọ̀ oyin àti èédú.

Nígbà tí ẹ̀pà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pápápá díẹ̀díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ti di òórùn ẹ̀pà yíyan, ẹ mú ẹyọ kan jáde, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gé e jẹ. Bí inú rẹ̀ bá ń ró, ó ti jinná. Bí ó bá ṣì rọ̀ bí ẹ̀wà, ẹ rò ó díẹ̀ sí i lórí iná kékeré. Lẹ́yìn náà ẹ dà á sórí tíréè fífẹ̀ tí ẹ ti fi òróró díẹ̀ pa, kí ẹ fi ìgbákọ méjì yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó le. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ yàtọ̀ lè bu atalẹ̀ gbígbẹ tí a lọ̀ àti ata gígún díẹ̀ sí i nígbà tí ṣúgà bá di iyanrìn. Ní tèmi, èyí tó ní atalẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tán, ṣùgbọ́n kí ẹ máa ta méjèèjì, nítorí àwọn ọmọdé kì í fẹ́ ata.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ṣúgà yíyọ́ gbóná ju omi híhó lọ púpọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara. Omi gbígbóná á ṣàn kúrò, ṣúgà kò ní ṣàn. Ẹ má gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn nídìí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé rò ó. Bí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe kẹrosíìnì, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ọsibítù. Ohun mìíràn tún ni pé kí ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ẹ̀pà odidi. Ó lè há a lọ́fun. Àwọn ènìyàn kan náà sì wà tí ẹ̀pà kì í bá lára mu rárá, tí ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun wọn yóò wú bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Ẹ kọ "ẹ̀pà" sí ara ọ̀rá yín gbàgàdà kí olúkúlùkù lè mọ ohun tó ń rà.

Kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Bí ẹ bá dì í ní gbígbóná, yóò làágùn nínú ọ̀rá, ṣúgà yóò sì padà di omi. Ọ̀rá tó nípọn tí a fi iná àbẹ́là lẹ̀ lẹ́nu dára fún ti olówó kékeré; ìgò tàbí ike tó mọ́, tó gbẹ, tó sì ní ìdérí tó le ló dára fún èyí tí ẹ fẹ́ kó pẹ́. Bí ó bá gbẹ dáadáa, ó máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìrọ̀.

Wàyí o, ìṣirò. Ibí ni ọ̀pọ̀ owó òkòwò ti ń kú sí, kì í ṣe ní ìdí ìkòkò.

Owó ọjà ń yí padà lójoojúmọ́, nítorí náà àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ fi ṣe é. Ká ní gbogbo ohun tí ẹ ná jẹ́ ₦10,000: ẹ̀pà, ṣúgà, gáàsì tàbí èédú, ọ̀rá, àbẹ́là, àti owó ọkọ̀ lọ sí bọ̀ ọjà. Ẹ má gbàgbé owó ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í kà á. Ká ní ọ̀rá 50 ló jáde níbẹ̀. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦200 lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ń kó o fún oníṣọ́ọ̀bù ní ₦250. Bí ẹ bá ta gbogbo rẹ̀, ₦12,500 ni, èrè jẹ́ ₦2,500. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá jẹ méjì, tí ẹ fi méjì ta àlejò lọ́rẹ, tí ọ̀kan já, 45 ló kù láti tà. Iye rẹ̀ jẹ́ ₦11,250. Èrè ti di ₦1,250. Ọ̀rá márùn-ún péré ti jẹ ìdajì èrè yín! Bí ó bá wá jẹ́ pé ọ̀rá mẹ́wàá ni wọ́n gbà ní àwìn, tí wọn kò san, ₦10,000 ni yóò wọlé. Ọjọ́ kan gbáko nídìí iná, òfo ni. Ohun tó ń pa òwò kéékèèké nìyẹn, a ó sì máa sọ pé ayé ló ń ṣe wá.

Nítorí náà, ẹ ní ìwé kékeré kan. Ojú owó ní ibì kan, èrè ní ibì kan. Láti inú èrè ni kí á ti jẹun. Bí ọmọ bá ṣàìsàn tí ẹ sì fọwọ́ kan ojú owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tètè wá sọ fún ẹgbẹ́. Owó yìí kì í ṣe gbèsè lọ́rùn yín, ẹnikẹ́ni kò ní dá yín lẹ́jọ́. Ẹ̀yin alágbàtọ́ tó jẹ́ pé owó ọmọ òrukàn gan-an ló wà lọ́wọ́ yín, tiyín tún le sí i. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó tiyín, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú ẹlòmíràn. Gbogbo wa la mọ bí Àlùkùránì ti le tó lórí ẹni tó ń jẹ ohun ìní ọmọ òrukàn.

Lórí òṣùwọ̀n náà, odidi súrà kan wà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, súrà 83. Gbogbo wa la ń bínú sí ẹni tó lu ìdí kóńgò wọlé ní ọjà. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra kí ọ̀rá tiwa náà má máa dínkù bí owó ṣúgà ṣe ń lọ sókè. Bí ọjà bá wọ́n, ẹ fi owó lé e kí oníbàárà mọ̀, ó sàn ju kí á yọ ẹ̀pà mẹ́wàá mẹ́wàá kúrò nínú ọ̀rá.

Níbo ni kí á ti tà á? Mo mọ ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: kí á gbé e lé orí ọmọ, kí ó kiri lọ sí Òṣòdì, kí ó máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ lábẹ́ afárá. Ẹ̀yin ìyá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ìjọba Èkó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti ọdún 2007, òfin lórí títa ọjà ní ojú títì sì ti wà láti ọdún 2003, ó mú ẹni tó ń tà, ó mú ẹni tó ń rà. Àwọn tó wà ní Òṣòdì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009 rántí bí wọ́n ṣe wó ìsọ̀ ojú ọ̀nà láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ọjà ẹni tó yá owó ṣòfò. Láti ọdún 2019 tí wọ́n ti ṣí ibùdókọ̀ ńlá tuntun, ètò ibẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ká má tilẹ̀ sọ ti òfin. Ọmọ tó ti sin bàbá rẹ̀, tí a wá ń rán lọ sáàárín ọkọ̀ akérò, kí ni a ń tọ́jú lára rẹ̀?

Oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò ni kí á lọ bá: oníkẹ́míìsì, onígẹ̀rígẹ̀rí, ẹni tó ń ta páálí mílíìkì, obìnrin tó ń ta nǹkan nínú ọgbà ilé ìwé. Owó lọ́wọ́ ni kí wọ́n fi rà á, tàbí kí wọ́n gba márùn-ún péré, kí wọ́n san owó rẹ̀ kí ẹ tó kó òmíràn fún wọn. Ẹ tún wo yìgì, ìsọmọlórúkọ àti wòlímọ̀. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó ń wá ohun kékeré tó dára láti fi ta àwọn àlejò lọ́rẹ, ìgò ẹ̀pà oníṣúgà tí a so ríbọ́ọ̀nù mọ́ lọ́rùn kò kéré níbẹ̀. Owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ń wọlé ṣáájú. Ní Ramadan, ẹ dín èyí tí ẹ ń ṣe kù ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ sì pọ̀ ọ́n bí Ìtúnu ààwẹ̀ bá ti ń sún mọ́.

Bí ó bá wá gbèrú tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìtajà ńlá ń béèrè fún un, wọn yóò béèrè nọ́ńbà NAFDAC. Ọ́fíìsì wọn kò jìnnà sí wa, ó wà ní Ìsọlọ̀ níbí, létí ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì. Ẹ má sá fún wọn. Ẹ lọ béèrè kí ẹ tó náwó sí ohunkóhun, kí ẹ sì má fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín gba nọ́ńbà lábẹ́lẹ̀ ní owó. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín yín lè pawọ́ pọ̀ ṣe é nígbà náà, nítorí wọn yóò fẹ́ rí ibi iṣẹ́ tó dá dúró, tí kì í ṣe yàrá tí a ń sùn.

Àǹtí kan bi mí léèkan nípa ìkòkò, pé ṣúgà máa ń gan mọ́ ọn nídìí bí òkúta. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ bu omi sí i kí ó bo ibi tó gan, ẹ gbé e padà sórí iná, ẹ dé e. Kí omi náà tó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣúgà náà yóò ti yọ́ kúrò fúnra rẹ̀.